Nígbà Tí Ẹ̀rọ Etí Bá Gbó
Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹ̀ka

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí a sábà máa ń kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ wa tí kò kàn. Ó dá lórí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ máa ń fi sí etí. Àwọn ìwé ń pè é ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Àwa nínú ilé ń pè é ní ẹ̀rọ etí. Ọ̀pọ̀ wa ti bá òbí wa ra ọ̀kan. Àwọn tí ó mọ̀ pé ó ń gbó, tí ó sì ní ìgbà tí ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀, kò pọ̀ rárá.

Ohun tí a ṣe sí Màmá

Ìjẹ́wọ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka wa, ìyá kan wà tí ó ti jẹ́ akápò fún ọdún púpọ̀. Owó kì í dín lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé rẹ̀ kì í ní àléébù. Etí rẹ̀ ti ń di tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ra ẹ̀rọ etí fún un, gbogbo wa sì gbàgbé pé ohunkóhun ń ṣe é. Nígbà tí ó yá, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí ẹ̀yìn. Bí a bá pe orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, kò ní dáhùn. Bí a bá ní, "Màmá, ẹ kọ ọ́," yóò ní, "Ta ni kí n sọ ọ́ fún?" Ní oṣù kan, iye tí ó kọ sílẹ̀ kò bá iye tí a pè fún un mu.

Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀sọ̀ béèrè ohun tí ó dé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni a ń sọ. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní ogbó ti dé, pé Màmá ti ń ṣarán. Ní ìpàdé kan, a gba àpò owó lọ́wọ́ rẹ̀, a fi fún ẹlòmíràn, a ní kí ó máa sinmi. Ó kó ìwé náà fún wa, kò sọ nǹkan kan. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, a kò rí i ní ìpàdé.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó wá lo ìsinmi ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ó mú ẹ̀rọ etí Màmá sí àtẹ́lẹwọ́, ó pa ọwọ́ dé lé e lórí, kò sì gbọ́ ohùn kankan. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń yẹ etí wò. Ẹ̀rọ náà ti wọ ọdún kẹsàn-án. Maikirofóònù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, àwọn tí ó ṣe é kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Màmá kò ṣarán. Ẹ̀rọ ni ó gbó, àwa ni a sọ pé Màmá ni ó gbó.

Àwọn àgbà ní etí tí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ní ti Màmá, àìgbọ́ gan-an ni ó ba inú rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀ láàárín wa.

1. Ohun tí ẹ̀rọ etí ń ṣe

Ohun mẹ́rin ni ó ṣe pàtàkì nínú ẹ̀rọ etí. Èkínní ni maikirofóònù, tí ń gba ohùn wọlé. Èkejì ni kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí ń mú ohùn náà lágbára gẹ́gẹ́ bí etí ẹni náà ṣe nílò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni sípíkà, tí ń fi ohùn náà ránṣẹ́ sínú etí. Ẹ̀kẹrin ni bátìrì. Láti 1996 ni irú èyí tí ó ní kọ̀ǹpútà nínú ti ń gbòde. Àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ kò lè ya ohùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì dáadáa bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yìí fi ṣe pàtàkì ni pé etí àgbàlagbà kì í di lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn tín-ín-rín ni ó kọ́kọ́ máa ń lọ, ohùn tí ó nípọn yóò sì kù. Ẹ wo bí ó ti rí nínú èdè wa. Ẹni tí etí rẹ̀ ń di lè gbọ́ ìró ohùn bí ó ṣe ń lọ sókè sódò, kí ó sì gbọ́ a, e, o dáadáa. Àmọ́ s, f, ṣ, k àti t ni yóò máa sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní etí irú ẹni bẹ́ẹ̀, "kọ ọ́", "sọ ọ́" àti "fọ ọ́" di ọ̀kan náà. Èyí ni ó fi ń sọ pé, "Mo ń gbọ́ yín o, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ẹ ń sọ." Kì í ṣe àrékérekè. Òótọ́ ni ó ń sọ.

Ẹ̀rọ tí ó dára, tí a tò bí ó ti yẹ, ni ó ń dá àwọn ìró tí ó sọnù wọ̀nyí padà. Nígbà tí ó bá ń gbó, àwọn ìró yìí kan náà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ pòórá. Kì í kú lójijì ní gbogbo ìgbà. Ó lè máa kú díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń lò ó fúnra rẹ̀ kò ní fura.

2. Ọdún mélòó ni ó ń lò?

Èyí ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ń béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ etí sábà máa ń lo ọdún 3 sí 7. Èyí tí ó pọ̀ jù ń lo bí ọdún 5. Èyí tí a ń fi kọ́ ẹ̀yìn etí máa ń pẹ́ ju èyí tí ó wọ inú ihò etí lọ, nítorí pé ìdọ̀tí etí àti ooru inú etí kì í dé ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọdún 5 kò pọ̀ fún ohun tí a fi owó gidi rà, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò. Bí a bá fi ẹ̀rọ náà sí etí fún wákàtí 12 lójúmọ́, ní ọdún kan ó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 4,380. Ní ọdún 5, ó di wákàtí 21,900. Rédíò wo ni ó wà nínú ilé wa tí ó ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì tún wà lára awọ tí ń làágùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irun tí a fi òróró pa, nínú eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin òjò? Ohun tí ó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gbìyànjú.

Ṣùgbọ́n àwọn ohun kéékèèké kan wà lára rẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ wọn kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ tó lè pẹ́:

Bátìrì tí a ń lò jù nù. Oríṣi mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀, a sì ń fi nọ́ńbà àti àwọ̀ dá wọn mọ̀. Nọ́ńbà 10 jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, 312 jẹ́ búráùn, 13 jẹ́ àwọ̀ ọsàn, 675 sì jẹ́ búlúù. Èyí tí ó kéré jù, ìyẹn 10, lè má ju ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan lọ. 675 tí ó tóbi jù lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó lé. Afẹ́fẹ́ ni ó ń jí bátìrì yìí sí iṣẹ́. Bí a bá ti ṣí bébà tí ó wà lára rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn; bí a bá lẹ̀ ẹ́ padà, kò ní kí ó má tán. Lẹ́yìn tí a bá ṣí i, ẹ jẹ́ kí ó gba afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a tó kì í bọ inú ẹ̀rọ.

Bátìrì tí a ń fi iná gba agbára sí. Ó ń lo bí ọdún 4 sí 5 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀.

Rọ́bà tín-ín-rín tí ó so ẹ̀rọ ẹ̀yìn etí mọ́ ike inú etí. Oṣù 3 sí 6 ni, nítorí pé ó ń le gan, ó sì ń pọ́n bí ó ti ń gbó.

Rọ́bà rírọ̀ tí ó dà bí agboòrùn kékeré ní ẹnu ẹ̀rọ, àti asẹ́ tí ń dá ìdọ̀tí etí dúró. A máa ń pààrọ̀ asẹ́ bí oṣooṣù tàbí nígbà tí ó bá dí, rọ́bà náà sì ń lo oṣù díẹ̀.

Ike tí a fi ìwọ̀n ihò etí ẹni ṣe. Ó lè bá àgbàlagbà lo ọdún mélòó kan. Ti ọmọdé ni a ń yára pààrọ̀, nítorí pé etí rẹ̀ ń dàgbà.

3. Kí a tó sọ pé ó ti kú

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ etí wà nínú àpótí tí a ti pa tì, tí ó jẹ́ pé ohun kékeré ni ó ṣe é. Nítorí náà, kí a tó náwó, ẹ jẹ́ kí a yẹ nǹkan wọ̀nyí wò ní ẹsẹẹsẹ.

Ẹ fi bátìrì tuntun sí i. Ẹ wo ọjọ́ tí ó wà lára páálí bátìrì bóyá kò tíì kọjá. Ẹ rí i pé a kò dojú bátìrì dé, àti pé ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé dáadáa.

Ẹ wo ẹnu ibi tí ohùn ti ń jáde bóyá ìdọ̀tí etí ti dí i. Aṣọ gbígbẹ tí kò ní òwú tí ń já àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni a fi ń nù ún. A kì í fi omi, ọṣẹ tàbí spirit kàn án, a kì í sì fi abẹ́rẹ́ tọ́ inú rẹ̀.

Ẹ wo rọ́bà rẹ̀ bóyá ó ti le, ó ti là, tàbí omi òógùn ti kán sínú rẹ̀. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lè dá ohùn dúró.

Ẹ wo ibi tí a ti ń mú ohùn rẹ̀ lọ sókè sódò, bóyá ọwọ́ ti ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́.

Ẹ tàn án, ẹ fi sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì pa ọwọ́ dé bí ọmọ-ọmọ Màmá ti ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà ni yóò sú fèé bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá dún rárá lẹ́yìn tí a ti fi bátìrì tuntun sí i, ó di ohun tí a ń gbé lọ sọ́dọ̀ onímọ̀.

Ní ìkẹyìn, ẹ ronú kan etí fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ni ó dí ihò etí. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n bá yín yọ ọ́. Ìyẹ́ adìyẹ, igi ìṣáná àti òwú orí igi tí a máa ń kì bọ etí, títì ni wọ́n ń ti ìdọ̀tí náà wọlé sí i, wọ́n sì lè ba awọ inú etí jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan nípa fèé tí ẹ̀rọ máa ń sú nínú ìpàdé, tí gbogbo ènìyàn yóò yí padà tí wọn yóò máa wo Màmá. Ìró yìí kò fi hàn pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ohùn tí ó ti wọ etí ni ó ń jáde padà bọ́ sínú maikirofóònù. Ó lè jẹ́ pé ike rẹ̀ kò bá etí mu mọ́, tàbí pé ìdọ̀tí wà nínú etí. Gèlè wa náà sì ń fà á. Bí a bá wé gèlè mọ́ etí pinpin, yóò sú fèé. Ẹ wé gèlè kí ó kọjá lẹ́yìn etí tàbí lókè rẹ̀, ẹ óò sì gbádùn ìwàásù.

4. Àmì pé ó tó pààrọ̀

Bí a bá ti yẹ gbogbo èyí wò, tí onímọ̀ sì ti tún un tò, àwọn àmì wọ̀nyí ni yóò sọ fún wa pé àsìkò tó.

Èkínní, ó ti kọjá ọdún 5, a sì ń gbé e lọ fún àtúnṣe léraléra. Owó àtúnṣe mẹ́ta lè di apá kan nínú owó tuntun.

Èkejì, àwọn tí ó ṣe é kò ní ohun èlò rẹ̀ mọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáwọ́ irú ẹ̀rọ kan dúró, ohun èlò rẹ̀ a máa wọ́n, lẹ́yìn náà a sì tán.

Ẹ̀kẹta, a ti gbé ohùn rẹ̀ dé òkè pátápátá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò yé.

Ẹ̀kẹrin, ara rẹ̀ ti là, ilẹ̀kùn bátìrì kò pa dé mọ́, tàbí ìpẹtà ti mú ibi tí bátìrì ń jókòó sí.

Ẹ̀karùn-ún, ohùn ń wá, ó ń lọ, tàbí ó ń hó ṣììì bí rédíò tí kò mú ìkànnì, tí a tún un ṣe tí kò gbọ́.

Ẹ̀kẹfà, èyí tí ń gba agbára láti ara iná kò lè gbé wa dé ìrọ̀lẹ́ mọ́, àwọn tí ó ṣe é kò sì lè pààrọ̀ bátìrì rẹ̀.

Ẹ̀keje, etí wa ti di ju bí ó ti wà lọ nígbà tí a rà á, agbára ẹ̀rọ náà kò sì ká a mọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọjọ́ orí nìkan kò tó. Ẹ̀rọ tí ó ti pé ọdún 6 tàbí 7 tí ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi ìpolówó ọjà dẹ́rù bà wá kí a jù ú nù. Bí a bá sì ra tuntun, ẹ tọ́jú ti àtijọ́ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ pamọ́. Yóò wúlò ní ọjọ́ tí tuntun bá wà lọ́dọ̀ àwọn alátùn-únṣe.

5. Ẹ̀rọ ni, àbí etí?

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ kò ní àléébù, etí ni ó yí padà. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tí ń lo ẹ̀rọ etí lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń tò ó. Bí etí bá yí padà díẹ̀, wọ́n lè tún un tò láìra òmíràn. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun.

A fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí mú ṣinṣin. Bí etí kan bá dédé di lójijì, láàárín wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má ṣe jókòó máa pààrọ̀ bátìrì, ẹ má sì ṣe dúró de ọjọ́ ọjà. Ọ̀ràn pàjáwìrì ni. Oògùn wà tí dókítà lè fún ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ó dára jù fún un. Bákan náà ni bí etí bá ń ṣọyún, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí òòyì ń kọ́ ni.

6. Ẹ̀rọ olóògbé àti ẹ̀rọ òkè òkun

Inú rere ni ó ń mú kí a ṣe èyí, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí àgbàlagbà kan bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a máa gbé ẹ̀rọ etí rẹ̀ fún ẹlòmíràn, bí ẹni fúnni ní aṣọ. Ẹ̀rọ etí kò rí bí aṣọ. Etí olóògbé ni wọ́n tò ó mọ́. Ó lè kéré jù fún ẹlòmíràn, tàbí kí ó pariwo jù, kí ó sì ba ìgbọ́ràn tí ó kù jẹ́. Bí a bá fẹ́ lò ó, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ kí ó kọ́kọ́ yẹ etí wò, kí ó tún ẹ̀rọ tò, kí ó sì ṣe ike tuntun.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun náà ń ràn wá lọ́wọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ etí tí NHS ń fún àwọn ènìyàn ní ìlú Ọba, yíyá ni wọ́n yá wọn. Ti ìjọba ni, a sì ń dá a padà bí a kò bá lò ó mọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹwàá 2022, àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún 18 lè ra irú ẹ̀rọ etí kan ní ṣọ́ọ̀bù láìsí ìwé dókítà. Àwọn tí etí wọn kò tíì di púpọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Kò lè ran ẹni tí etí rẹ̀ ti di gan-an lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n tì pa, tí ó jẹ́ pé ibi tí a ti rà wọ́n nìkan ni ó lè tún wọn tò. Kí ọmọ tó sanwó, kí ó béèrè pé: ta ni yóò máa tún un tò fún Màmá nílé?

Ní ti àwọn tí a ń tà lẹ́bàá títì àti nínú ọjà ní owó pọ́ọ́kú, ariwo lásán ni ọ̀pọ̀ wọn ń mú pọ̀ sí i, àti ìró ìlù àti ti ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò tíì yẹ etí wò kò gbọ́dọ̀ kì í bọ etí.

7. Kí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ wa

Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó wẹ̀, kí ẹ tó fi pọ́ńdà àti lọ́fíńdà, àti kí ẹ tó jókòó sábẹ́ oníṣòwò irun tí ń fi ìpara na irun. Ní alẹ́, ẹ nù ún, ẹ ṣí ilẹ̀kùn bátìrì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi sínú ike tí ó ní ìdérí pẹ̀lú àpò kékeré tí ń fa omi, irú èyí tí ó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Ẹ má ṣe sá a sóòrùn, ẹ má ṣe gbé e sún mọ́ ààrò.

Ẹ gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ajá lè dé. Bí ọmọ bá gbé bátìrì mì, tàbí tí ó kì í bọ imú, ilé ìwòsàn ni ká sáré gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó lè jó inú ọmọ náà.

8. Owó rẹ̀

Ohun tí a mọ̀ pé yóò gbó, a kì í jẹ́ kí ó ká wa mọ́lé. Ọdún 5 jẹ́ oṣù 60. Ẹ pín owó ẹ̀rọ náà sí ọ̀nà 60, kí ẹ sì máa fi ìdá kan pamọ́ lóṣooṣù láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á. Bí a bá fi 300,000 náírà ṣe àpẹẹrẹ, 5,000 náírà ni fún oṣù kan. Nítorí pé ọjà ń wọ́n sí i, ẹ fi díẹ̀ lé e. Ọmọ mẹ́rin lè pín in láàárín ara wọn, ẹgbẹ́ sì lè fi dá èsúsú.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ kọ ọjọ́ náà sára páálí rẹ̀. Ẹ béèrè ọdún tí wọn yóò fi máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, bóyá bátìrì rẹ̀ wà ní ìlú wa, àti bóyá a lè dá a padà bí kò bá bá etí mu.

9. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní 2021 pé ènìyàn tí ó lé ní 430 mílíọ̀nù ni ó nílò ìrànlọ́wọ́ lórí ìgbọ́ràn wọn. Nínú àwọn tí ó ti lé ní ọdún 60, ó ju ẹnì kan lọ nínú mẹ́rin. Ẹ wo àga tí ẹ jókòó sí, kí ẹ ka àwọn ìyá tí ó wà nínú yàrá. Ní 2024, àwọn onímọ̀ tí ìwé ìṣègùn Lancet kó jọ ka àìgbọ́ràn mọ́ ohun 14 tí ó lè dá kún àrùn ìgbàgbé, tí a sì lè wá nǹkan ṣe sí. Nítorí náà, ẹni tí a bá fi sílẹ̀ nínú àìgbọ́, a kò fi sílẹ̀ sí ibi tí ó dára.

Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan arábìnrin kan tí ojú rẹ̀ ríran dáadáa, tí yóò máa ní búrọ́ọ̀ṣì àti bátìrì díẹ̀ lọ́wọ́, tí yóò sì máa bá àwọn ìyá wa yẹ ẹ̀rọ etí wọn wò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Kí á máa kọjú sí wọn bí a bá ń sọ̀rọ̀. Kí á má ṣe pariwo. Kí á sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, kí ó já gaara. Bí Màmá kan bá sì yí padà lójijì, kí á yẹ ẹ̀rọ wò kí a tó yẹ ọpọlọ wò.

Ní ti Màmá wa, a lọ kúnlẹ̀ nílé rẹ̀, a tọrọ àforíjì. Àwọn ọmọ rẹ̀ dá owó jọ, wọ́n ra tuntun. Ní ọjọ́ tí ó padà wá, iwájú ni ó jókòó sí. Lẹ́yìn ìpàdé, ó ní kí a mú ìwé owó wá kí òun wò ó. Àṣìṣe méjì ni ó rí níbẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, akápò tuntun náà rẹ́rìn-ín, a sì dá àpò owó padà fún ẹni tí ó ni ín.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ni nínú ẹ̀ka wa tí ń lo ẹ̀rọ etí? Ǹjẹ́ a mọ ọdún tí wọ́n rà á?
2. Sọ ohun mẹ́ta tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí a tó sọ pé ẹ̀rọ ti kú.
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín etí tí ó ń di díẹ̀díẹ̀ àti èyí tí ó di lójijì? Kí ni a ó ṣe sí èyí tí ó di lójijì?
4. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí kò wá sí ìpàdé mọ́, tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn? Ta ni yóò lọ kí i kí oṣù yìí tó parí?